Mọ́ríámọ̀, Àáró Ni Wọ́n Ṣe Fún Ọ

Ilé wa ní Òtu,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àmọ̀kẹ́ mi, Mọ́ríámọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Yúsúfù ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá rẹ̀ tó gbà ọ́ sílé bí ọmọ. Ara wa le. Bàbá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá gbogbo ayé jiyàn bó ṣe máa ń ṣe. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa, ọkà bàbà náà ti ń yọ orí, àwọn ẹyẹ ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá bi mí pé ṣé mo ní ohun tó ń dùn mí, ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí nìkan ni màá sọ.

Lẹ́tà ni mo kọ torí pé fóònù ò gba ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá sunkún, èmi náà á sunkún, dátà á tán, ọ̀rọ̀ á sì wà níbi tó wà. Ìyá Kúdí tó ń ta aṣọ ní Ṣakí ń lọ ra ọjà ní Ìsítáńbù, ní orílẹ̀-èdè ọkọ rẹ lọ́hùn-ún, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní tí òun bá ti débẹ̀, òun á fi ránṣẹ́ sí abúlé yín. Mo fi òrí àti ata gígún díẹ̀ sí i. Mo sì ti bẹ Yúsúfù kó má tíì kó àgùntàn kankan lọ sọ́jà títí wàá fi ka ìwé yìí tán. Ó ṣèlérí fún mi. Nítorí náà jókòó, kà á tán, má fo ibì kankan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí o sọ fún mi, kó o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé.

O ní lẹ́yìn tí ẹ kórè àlìkámà, àwọn obìnrin abúlé yín bíi mẹ́wàá wá sí ilé yín láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, wọ́n ń yí i títí tó fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, àwọn kan sì ń yan án lórí irin gbígbóná. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì tí ẹ ó máa jẹ títí yìnyín á fi yọ́. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé tìrẹ rí wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n mu tíì, wọ́n lọ. Inú rẹ dùn débi pé o fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn ìyẹn, o rí èéfín ní ilé kan ní ìsàlẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ o rí i ní ilé mìíràn. O ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojú fèrèsé rẹ. Kò sẹ́ni tó wá pè ọ́. O dúró lọ́sẹ̀ kan, o dúró lọ́sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, o ní wọn ò kí ọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ tí ẹ bá pàdé níbi tí ẹ ti ń pọn omi.

O wá sọ fún Yúsúfù pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ò fẹ́ ọ nítorí pé o dúdú. O ní kí ẹ kó lọ sí ìlú ńlá, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ kan ti bá ọ wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Yúsúfù sì gbà. Ó fẹ́ ta gbogbo àgùntàn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, kó fi oko àlìkámà àti igi eléso wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti máa dá. Ìbéèrè tí o bi mí ni pé, "Màámi, ṣé ẹ gbà kí n kúrò níbí?"

Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni mí, mi ò ní ṣàì kọ́kọ́ bá ọ yí ọ̀rọ̀ náà po.

Èkíní, jẹ oúnjẹ wọn. Má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, inú ariwo ọjà ni mo gbé dàgbà. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wá sí Òtu, tó tún gbé mi láti Òtu lọ sí abà bàbá rẹ̀, mo rò pé ayé mi ti bàjẹ́. Ọkà bàbà ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Mo bá kó gàárì àti ṣúgà sínú àpótí aṣọ mi, mo ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Mo máa ń tọ́ oúnjẹ ìyá ọkọ mi wò díẹ̀, màá ní inú ń run mí. Lọ́jọ́ kan eèrà tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àpótí mi, wọ́n ń kó ṣúgà lọ níṣojú ìyá náà. Ó wo eèrà, ó wò mí. Ó ní, "Ìyàwó, àwọn àlejò rẹ dé." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé, bí eèrà kan ṣoṣo bá ti kọjá, á yí sí mi, á ní, "Ìyàwó, ẹ kú àlejò o."

Mo rántí èyí torí pé o sọ fún mi pé o máa ń se ìrẹsì tìrẹ sọ́tọ̀, o sì máa ń gbé e wọ yàrá. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ata tí mo fi ránṣẹ́ yìí, gbé e sórí tábìlì níwájú gbogbo wọn. Jẹ́ kí ìyá Yúsúfù tọ́ ọ wò, kí omi yọ lójú rẹ̀, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Èso wọn tó pọ́n bí àgbálùmọ̀ kékeré, èyí tí o ní wọ́n ń sá sórí òrùlé, bá wọn sá a. Wàrà àgùntàn tó ń rùn sí ọ nímú, mu ún díẹ̀díẹ̀. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹnu ni ẹ̀kọ́ náà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ṣọ́ ohun tí o ń sọ fún ọkọ rẹ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú bá ń bí ọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́dún kejì tí mo délé, èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ jà lórí ìkòkò kan. Ìkòkò lásán ni o. Mo wọ yàrá, mo sunkún, mo sọ fún bàbá rẹ pé gbogbo ilé wọn ló kórìíra mi. Bàbá rẹ nígbà náà gbóná bí ata. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó fi oko tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń dá sílẹ̀, ó lọ ṣán igbó tirẹ̀ ní ìdàkejì odò. Kí oṣù tó parí, èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń di irun fún ara wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjèèjì ò jọ jẹun fún ọdún méjì gbáko. Mo ti gbàgbé ìkòkò, bàbá rẹ ò gbàgbé omijé mi.

Mo ka ibí yìí sí i létí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí n pa á rẹ́, pé ọdún kan àbọ̀ ni, kì í ṣe ọdún méjì. N kò pa á rẹ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí o sọ fún Yúsúfù pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kórìíra rẹ, o ti fi iná sí nǹkan tí ìwọ nìkan ò lè pa. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti lọ sí ìlú ńlá, ìwọ náà sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ilé ní abúlé yẹn ló ti tì pa, àwọn àgbà ló kù. Bó bá ta àgùntàn lónìí torí omijé rẹ, tí omijé náà sì gbẹ lọ́la, àgùntàn ò ní padà wá. Ìwọ fúnra rẹ tí o lọ kàwé nípa ìtọ́jú ẹran ní ilẹ̀ wọn, tí o bá Yúsúfù pàdé nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ yín nípa ẹran, ìwọ lo wá ń sọ pé kí wọ́n ta ẹran! Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún dùn mí.

Ẹ̀kẹta ni ìdí ọ̀rọ̀. Fara balẹ̀ níbí.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún àkọ́kọ́ mi dé ní abà, àwọn obìnrin agboolé wá bá mi bẹ iṣu gbodo. O mọ iṣẹ́ náà: ká bẹ iṣu, ká gé e, ká fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, ká gbé e gun orí àpáta lọ sá. Iṣẹ́ tí ẹnìkan á fi oṣù kan ṣe, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é fún mi, torí pé èmi ni ìyàwó tuntun, wọ́n ní ti ìyàwó ni kó ṣáájú. Ìyá Rámátù ni àgbà wọn. Nígbà tó wá kan ilé Ìyá Rámátù fúnra rẹ̀, ó bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ṣakí. Ọkàn mi wà ní ọjà. Mo gba alágbàṣe obìnrin kan, mo ní kó lọ bá mi ṣe ti ọjọ́ náà, mo sì gun ọkọ̀ lọ. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Nígbà tí mo dé, alágbàṣe ti wà nílé mi. Ìyá Rámátù ti fún un ní oúnjẹ, ó ti ní kó máa lọ, ó sì rán an sí mi pé, "Sọ fún ìyàwó pé kì í ṣe iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún wa. Òun la fẹ́ rí."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn sí èébú. Mo ní ara Ṣakí ni mí, mi ò ní jẹ́ kí ará oko kankan fi mí wọ́lẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ tún padà dé, mo dá iṣu tèmi bẹ. Mo bẹ ẹ́ títí ìka mi fi bó. Ìdajì rẹ̀ ti bu kí n tó rí i gbé gun àpáta. Mo jókòó ti iṣu tó bu náà, mò ń gbọ́ ohùn wọn láti ilé kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ọ̀bẹ, mo lọ sí ilé Ìyá Rámátù, mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Mo ṣáà jókòó. Nígbà tó yá, Ìyá Rámátù yí iṣu kan sí iwájú mi láìwo ojú mi. Mo bẹ ẹ́. Ó yí òmíràn. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, wọ́n ti ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé àwọn ará Ṣakí kì í jí kí oòrùn tó ràn.

Wàá ní, "Màámi, tiyín yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ̀yin mọ̀ pé ó kàn yín. Èmi, wọn ò pè mí." Òótọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe pe Yúsúfù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí mo mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn àgùntàn. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ò sàn ju tèmi lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí a gbọ́ ara wa yé.

Mo ní, "Yúsúfù, àwọn obìnrin tó wá ṣe búrẹ́dì nílé yín, ta ló lọ pè wọ́n?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, Màámi."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni?"

Ó rò ó. Ó ní, "Màámá mi dá iná. Wọ́n rí èéfín."

"Tí ẹlòmíràn bá dá iná ńkọ́?"

"Wọ́n á lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí èéfín ló ń lọ."

Mo ní, "Ṣé o sọ èyí fún ìyàwó rẹ?"

Ó ní, "Màámi, mo rò pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀."

Àmọ̀kẹ́, ṣé o gbọ́? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi á sì fi kún un pé onílé náà kì í mọ̀ pé àlejò ò rí. Ọmọ ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn sọ ọ́, bí èmi náà ò ṣe ní rántí sọ fún àlejò pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbà wọlé.

O ka ohun tí wọ́n ṣe fún ọ sí ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ la máa ń bẹ ènìyàn sí: ẹni tó ní iṣẹ́ á lọ láti ilé dé ilé, á bẹ̀, wọ́n á wá, á fún wọn lóúnjẹ, á dúpẹ́, ó parí. Àáró ni wọ́n ṣe fún ọ. Àáró kì í ní ìpè, yíyí ló ń yí. Bí a bá ti ṣe tìrẹ, ọwọ́ rẹ ti di ara ọwọ́ tí wọ́n ń retí ní ilé tó kàn. Obìnrin mẹ́wàá ló fi ọjọ́ méjì jókòó sílé rẹ. Nígbà tí wọ́n dá iná tiwọn, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, ìwọ sì ń wo fèrèsé.

Mo bi Yúsúfù pé kí ni ìyá rẹ̀ sọ sí ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ bi í, ó pè mí padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn obìnrin ń bi ìyá òun léèrè pé, "Ìyàwó yín dà?" Ní ilé àkọ́kọ́, ó ní ara rẹ ò yá. Ní ilé kejì, ó ní ìwé lò ń kà. Ní ilé kẹta, ó ní orí ń fọ́ ọ. Mọ́ríámọ̀, ìyá arúgbó tó ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń fi irọ́ bo ìdí rẹ, ó sì tún ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìpín tìrẹ mọ́ tirẹ̀. Kò sọ fún ọ, torí ó rò pé o mọ̀, pé o kàn ò fẹ́ ni. Nígbà tí mo gbọ́, mo jókòó sórí ìjókòó ìdáná mi, mo sunkún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọwọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ lo bọ́ sí.

Kí o má baà rò pé ìwọ nìkan ni mò ń bá wí, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí o kéré, ilé onílé ni o fẹ́ràn. Bí o bá ti gbóòórùn ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní ilé kejì, o ti débẹ̀. Èmi ni mo máa ń fà ọ́ létí wálé, màá ní, "Ṣé wọ́n pè ọ́? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í yọjú síbi tí wọn ò pè é sí." Mo sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀kọ́ yẹn dára fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní Òtu. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ lónìí.

Ti àwọ̀ rẹ, mi ò ní tàn ọ́. Àwọn kan á wà tí wọn ò ní fẹ́ ọ nítorí rẹ̀, ní abúlé àti ní ìlú ńlá. Bí o bá bá irú wọn pàdé, wàá mọ̀, wọn kì í fi pamọ́. Má bá wọn jà, má sì tẹ́ ara rẹ nítorí wọn. Ṣùgbọ́n má gbé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ka orí ẹni tó fi ọjọ́ méjì kọ́ ọ ní búrẹ́dì. Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Nígbà tí a wà ní abà, ìyàwó Fúlàní kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún ọdún mẹ́rin. A ń ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, a ń kí i, ó ń kí wa. A ò sọ fún un rí pé kó wá jókòó tì wá níbi iṣu. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀, kò kàn wá sí wa lọ́kàn ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, ó wá dágbére fún mi, ó ní, "Ẹ̀rín yín ni mo máa ń gbọ́." Ó ń dùn mí di òní. Bó bá ti wá jókòó láàárín wa lọ́jọ́ kan péré, ọ̀bẹ là bá fún un. Ṣùgbọ́n kò mọ̀, àwa náà ò sì mọ̀ pé kò mọ̀.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Bí o bá ti rí èéfín, má wá aṣọ tó dára. Wọ aṣọ iṣẹ́, so orí rẹ, mú igi tí ẹ fi ń yí ìyẹ̀fun dání. Sálámà sí wọn. Fẹnu ko ọwọ́ àgbà wọn, kó o gbé e kan iwájú orí rẹ bí ìyá Yúsúfù ṣe kọ́ ọ. Bí orúnkún rẹ bá sì fẹ́ kúnlẹ̀ ní tiwa, jẹ́ kó kúnlẹ̀, mi ò tíì rí àgbà tí ìyẹn bí nínú. Má gbé ẹ̀bùn lọ. Má ṣàlàyé, má sọ pé "ẹ ò pè mí." Jókòó síbi tí àyè bá ṣẹ́ kù, kódà kó jẹ́ ibi tí èéfín ń fẹ́ sí. Wọ́n lè má sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ṣáà máa yí ìyẹ̀fun. Yúsúfù ní ó ṣì ku ilé mẹ́rin tí wọn ò tíì dá iná, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á máa fọ irun àgùntàn tí wọ́n fi ń ṣe ibùsùn. Má pa ọ̀kan jẹ nínú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tìrẹ náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Mi ò ka iye mọ́, ṣùgbọ́n èyí náà ṣe pàtàkì: má jókòó lásán lórí ìwé tí o kà. Àgùntàn abúlé yín máa ń ṣàìsàn, dókítà ẹran sì wà ní ọ̀nà jíjìn, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ ọ́ níbi ìyẹ̀fun, wọ́n á pè ọ́ wá síbi ẹran. Ẹni tí wọn ò mọ̀ ò ní fọwọ́ kan àgùntàn wọn.

Wàyí o, ìdáhùn mi. Ọmọ mi, bí mo bá fẹ́ ti ara mi, màá ní kí o kúrò níbẹ̀ lónìí. Ìlú ńlá ní pápákọ̀ òfuurufú, á rọrùn fún ọ láti wá wò mí. O rántí pé ọdún kan gbáko ni mo fi kọ̀ fún Yúsúfù. Mo ní ọmọ mi kan ṣoṣo ò ní lọ ṣe ìyàwó darandaran ní ibi tí omi ti ń dì. Nígbà tó wá síbí, tó bá bàbá rẹ lọ sóko, tó kọ ebè mọ́kànlá tí gbogbo rẹ̀ wọ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì bó, tó tún ní òun á padà lọ lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ wálé, ó ní, "Ìyá Mọ́ríámọ̀, àgbẹ̀ ni. Kò mọ ebè kọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni." Ọjọ́ yẹn ni mo gbà. Bí o bá yọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kúrò nínú oko, mi ò mọ ohun tí yóò ṣẹ́ kù lára rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní kí o má kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ, àdúrà mi á tẹ̀lé yín. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kó má jẹ́ sísá. Gba ọyẹ́ wọn kan yìí kọjá. Lọ sí gbogbo ilé tó ti wá sílé rẹ. Bí yìnyín bá yọ́, tí o ti jókòó pẹ̀lú wọn, tí wọ́n ti mọ̀ ọ́, tí o sì ṣì fẹ́ lọ, kọ ìwé sí mi, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Yúsúfù pé kó ta àgùntàn.

Ó ku ohun kan. Láti bí oṣù kan, o ń pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. O ń pè mí láàárọ̀, o ń pè mí ní ọ̀sán, o ń pè mí kí n tó sùn. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Mo máa ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kó má baà dún kí n má gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ń rí ìyá rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ò rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, èmi ni màá máa pè ọ́ báyìí, ní ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí mo bá pè, tó dún títí tí o kò gbé e torí pé ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ méjèèjì, inú mi á dùn ju gbogbo ọjọ́ tí o ti gbé e lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí pé kí o má gbé fóònù.